Èsì: Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìràwọ̀ méjì ni?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo làwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe mọ̀ pé ìràwọ̀ kan jẹ́ méjì nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan lojú ń rí. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń tú palẹ̀ bí òṣùmàrè, àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín á wá hàn nínú ẹ̀. Ṣẹ́ẹ mọ bí fèrè áńbúláǹsì ṣe máa ń han gooro tó bá ń bọ̀ ní Post Office n'Ílọrin níbí, tó bá ti kọjá báyìí ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, bí ìlà yẹn náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìràwọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìlà ẹ̀ á sún sápá búlúù, èyí tó ń lọ á sún sápá pupa. Tí ìlà kan bá wá ń pín sí méjì tó tún ń padà di ọ̀kan, àwọn méjì ló ń yí ara wọn po. Ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Mizar A ni Pickering, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1889, bí ọjọ́ 20 ààbọ̀ ni wọ́n fi ń yípo kan. Èyí tó wúwo jù kì í sáré tó ìkejì ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù!