Ẹ tún ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì ṣe kí ẹ tó ra ohun tí ẹ máa tò sórí rẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀gbọ́n. Adìẹ mẹ́ta tí ẹranko pa lóru ọjọ́ kan kì í ṣe ohun kékeré, ẹni tó bá sì ti ṣa ìyẹ́ adìẹ nínú ìrì òwúrọ̀ rí á mọ bó ṣe ń dun ni tó. Ẹ ní ìṣàn omi àti igbó wà lẹ́yìn ilé yín ní Katy, lẹ́bàá Houston, pé fẹ́ǹsì onípákó yín ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, pé kámẹ́rà sì ká kòyótì (ẹranko igbó tó jọ ajá) àti bobcat (ológbò igbó) mọ́ àgbàlá. Ìbéèrè yín ni pé ṣé kí ẹ ra rólà, páìpù tó ń yí, tí wọ́n ń tò sórí fẹ́ǹsì. Màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kòyótì lè gun fẹ́ǹsì, ó sì lè fò ó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà, abẹ́ pákó ló sì máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú Houston máa ń wú bí òjò bá rọ̀, á tún sún kì bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Fẹ́ǹsì tó bá ilẹ̀ dọ́gba lọ́dún tí wọ́n kàn án lè ti ní àlàfo lábẹ́ lọ́dún kejì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yí i ká. Ibi tí irun bá há sí etí pákó, tí koríko sì tẹ́ bí ojú ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ẹ má ra wáyà adìẹ oníhò bí afárá oyin. Adìẹ ló ń dá dúró, kì í dá eyín dúró. Hardware cloth, àwọ̀n wáyà onírin líle, ni kí ẹ béèrè: ihò rẹ̀ ìdajì ínṣì, nínípọn wáyà rẹ̀ 19 gauge, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 36. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí igun àpótí, kí ínṣì 12 fara ti pákó, kí ínṣì 24 tó kù tẹ́ sílẹ̀ lóde fẹ́ǹsì. Ẹ gbọ́ mi o, lóde ni, kì í ṣe nínú. Ẹranko tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ á lọ síbi tí imú rẹ̀ ti kan pákó, ibẹ̀ lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa. Bó bá kan wáyà, á sún sọ́tùn-ún, á sún sósì, kì í sábà rò pé kí òun fà sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà 2 kóun tó gbẹ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú, ó ti gbẹ́ ihò rẹ̀ tán kó tó pàdé wáyà.

Má-jẹ̀ẹ́-ó-tú ni ìdè rẹ̀. Sítépù máa ń yọ bí pákó bá rọ̀, okùn oníke sì máa ń gbó dànù nínú oòrùn Texas. Síkúrù àti wọ́ṣà ńlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 6 síra. Níbi tí wáyà méjì bá ti pàdé, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì ní ínṣì 4, kí ẹ sì hun wọ́n pọ̀, torí ojú ìpàdé yẹn gan-an ni wọ́n ń já. Ẹ fi ìṣó onírin tẹ etí tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí etí yẹn bá dìde, ẹ̀rọ ìgékoríko á fà á ya lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kan á fi mọ́. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ẹ padà lọ wò ó. Bí ilẹ̀ ìta bá jẹ́ ti aládùúgbò tí kò sì gbà, ẹ gbẹ́ kòtò sínú àgbàlá yín, kí ẹ ri wáyà bọlẹ̀ ní òró ní ínṣì 12, ó kéré tán. Ẹ pe 811, nọ́ńbà àwọn tó ń sàmì sí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ní ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà.

Nǹkan tó ń bí mi nínú ni pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa ṣàlàyé èyí fún èèyàn lórí fóònù. "Ẹ kó ẹran ọ̀sìn yín wọlé" ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ, wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn tó ń ta iṣẹ́ ìdẹ pańpẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á mú kòyótì yín láàyè, òun á lọ tú u sílẹ̀ nígbó jíjìn, ẹ má sanwó fún un. Láti 1995 ni Texas ti fòfin de gbígbé kòyótì láàyè kiri nítorí àrùn dìgbòlugi, díẹ̀ sì ni àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì pa, ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣófo pẹ́, òmíràn á wọ ibẹ̀.

Bobcat yàtọ̀. Kò nílò abẹ́ pákó, ẹsẹ̀ bàtà 6 kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, rólà kò sì ní dí i lọ́wọ́. Òrùlé ló ń dá a dúró. Ọgbà adìẹ gbọ́dọ̀ ní wáyà yẹn kan náà lórí, kí igi máa gbé e ró ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4. Nẹ́ẹ̀tì oníke tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ kò tó. Ní ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ, ràkúùnù, ẹranko kékeré kan tó mọ ọwọ́ lò, ń fi ọwọ́ ṣí ìkọ́ lásán. Ẹ lo ìkọ́ onísípírìńgì tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó ṣí.

Wàyí o, rólà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún kòyótì, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ iwájú di orí fẹ́ǹsì mú kó tó fa ara rẹ̀ kọjá. Ẹ lè fi ọwọ́ ṣe é: páìpù PVC ínṣì 3, kí páìpù ínṣì 1 wà nínú rẹ̀, kí wáyà irin gba àárín rẹ̀, kí ẹ sì fà á le kó má bàa sọ̀ kalẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi igun kan sílẹ̀. Bí igi ìdábùú fẹ́ǹsì bá kọjú síta, àkàsọ̀ lẹ ṣe fún un. Bí ike ìdọ̀tí tàbí òkìtì igi bá sì wà nítòsí, asán ni rólà.

Kí ni ó tiẹ̀ ń mú wọn wá? Ní Chicago, níbi tí Stan Gehrt, onímọ̀ nípa ẹranko igbó, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèwádìí kòyótì láti 2000, wọ́n tú ìgbẹ́ kòyótì tó lé ní 1,400 wò. Eku àti irú wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ológbò ilé kò tó 2 nínú 100. Nítorí náà, oúnjẹ adìẹ tó dà sílẹ̀ ń pe eku, eku sì ń pe kòyótì. Ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù onírin olómorí. Orí ẹja, eegun àti ìyókù ọbẹ̀, ẹ dì wọ́n sínú fírísà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí eku ra oògùn eku o! Mo bẹ̀ yín. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi brodifacoum, ń wọ ara ẹranko tó bá jẹ eku náà. Mountain lion (ológbò igbó ńlá) tí wọ́n ń pè ní P-22, tó gbé ní Griffith Park ní Los Angeles, ní èépá (mange, àrùn awọ ara) ní 2014, wọ́n sì bá oògùn eku lára rẹ̀. Ajá yín náà lè jẹ irú eku bẹ́ẹ̀. Pańpẹ́ onísípírìńgì nínú àpótí ti tó.

Bí ẹ bá pàdé kòyótì, ẹ gbé ajá kékeré yín sọ́wọ́, ẹ na apá sókè, ẹ pariwo, ẹ mi agolo mílíìkì tí owó ẹyọ wà nínú rẹ̀. Ẹ má sáré. Ẹ má sì dákẹ́ nígbà tó bá dúró lókèèrè wò yín. Bí ẹ bá dákẹ́, ó ti mọ̀ pé ariwo yín máa ń tán. Ẹ má ṣe é láti ojú fèrèsé, ó gbọ́dọ̀ rí èèyàn. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún tí wọ́n ní ọmọ, èyí tó bá ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn ń sin yín kúrò nítòsí ihò rẹ̀ ni. Ẹ rọra rìn lọ. Bó bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Kí ẹ tó gé wáyà, ẹ wọn abẹ́ géètì. A ò lè tẹ́ wáyà síbẹ̀, ẹsẹ̀ àti táyà á tú u ká. Ẹ da kọnkéré síbẹ̀, tàbí kí ẹ to búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ síbẹ̀ ní ìbú ìlẹ̀kùn, kí àlàfo tó bá kù má ju ínṣì 2 lọ.