Ta ló ń ṣọ́ omi kànga inú ọgbà wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Amẹ́ríkà níbí, kànga tiẹ̀ ló ń lò. Ṣé ẹ̀ka ìlera kọ́ńtì (ìjọba ìbílẹ̀ ibí) á máa wá yẹ omi yẹn wò ni àbí èmi ni? Omi ọ̀hún mọ́ gaara, kò sì rùn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé tuntun o. Ká sòótọ́, ọwọ́ yín ló kù sí. Òfin omi mímu ọdún 1974, omi tí wọ́n ń pín fáráàlú ló wà fún, kò kan kànga àdáni, torí náà ìjọba àpapọ̀ ò ní bá yín dá sí i. Ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń wà nídìí ẹ̀, kálukú pẹ̀lú òfin tiẹ̀ ṣá: níbi púpọ̀ wọ́n á fúnni ní pámíìtì ká tó gbẹ́ kànga, wọ́n á wò ó bóyá ó jìnnà sí kòtò ìgbẹ́, wọ́n lè yẹ omi kànga tuntun wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di ti onílé.

Ẹ má wo ti pé ó mọ́ gaara o! Nitrate, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń ti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ wọnú omi, ò láwọ̀, kò lóòórùn. Lọ́dọọdún ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú ti bakitéríà. Tí nitrate bá ju mílígíráàmù 10 nínú lítà kan, ẹ má fi po mílíìkì ọmọ ìkókó rárá, ẹ má sì ní ẹ fẹ́ sè é, torí bómi ṣe ń gbẹ lórí iná ni nitrate ń ki sí i (ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀yẹn). Ẹ pe ẹ̀ka ìlera yín, wọ́n á tọ́ka láàbù tó níwèé àṣẹ fún yín.