Èsì: Kútẹ́ẹ̀sì tó dànù sílẹ̀ yàrá

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ọmọ da kútẹ́ẹ̀sì pupa sílẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá àsítóònù, omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná, lè ṣí i. Irú ilẹ̀ wo ni? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Bó bá jẹ́ táìlì, kò séwu. Ẹ fi òwú rẹ àsítóònù, kẹ́ ẹ máa nù ún láti etí wá sí àárín kó má baà tàn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló ń yọ èyí tó bá wọ àlàfo táìlì.

Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ńkọ́? Ẹ má dán an wò! Àsítóònù máa ń yọ́ ọ. Mo ṣe é rí ní yàrá mi l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo: kútẹ́ẹ̀sì lọ, òdòdó ara kápẹ́ẹ̀tì bá a lọ. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò lábẹ́ àga.

Tí kò bá tíì gbẹ, ẹ da ṣúgà lé e. Á ṣù pọ̀, ẹ ó sì gbá a kúrò.

Ẹ ṣí fèrèsé o, ẹ má sì tan sítóòfù nítòsí. Àsítóònù kì í pẹ́ gbiná.