Má fowó ra ìwé ẹ̀rí orí fóònù yẹn

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìwé ẹ̀rí First Aid at Work rẹ, ìyẹn ti ìtọ́jú pàjáwìrì níbi iṣẹ́, máa parí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, máníjà yín kò tíì sọ nǹkan kan, ẹnìkan sì ti kàn sí ọ lórí WhatsApp pé òun á bá ọ ṣe tuntun lórí fóònù, wákàtí méjì péré, £20. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o san án kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, àti bóyá ìwọ gan-an ló yẹ kó sanwó. Má san án. Èmi ti san irú rẹ̀ rí. £25 ni tèmi, mo sì ṣì ń rántí ojú tí mo fi sanwó náà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀n ni. Ẹ́jẹ́ńsì tó ń wá iṣẹ́ fún mi sọ pé ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì á máa gba owó díẹ̀ lé owó wákàtí rẹ̀. Etí mi là gbàràgàdà. Mo wo fídíò mẹ́rin, mo dáhùn ogún ìbéèrè, ìwé sì ti dé sínú ímeèlì mi kí n tó mu gààrí ọwọ́ mi tán. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè pé wákàtí mélòó ni mo fi kọ́ ọ. Wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri, lókè àpótí aláwọ̀ ewé tó ní àgbélébùú funfun lára.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago méjì òru, àwa mẹ́fà jókòó sí kàńtíìnì. Bàbá kan tó ń wa fọ́kílífítì ń jẹ ẹran, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dákẹ́ lójijì. Ó di ọ̀fun mú. Kò lè wúkọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi, ṣebí orúkọ mi ló wà lára ògiri. Àbúrò, mo mọ ìdáhùn o. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, màá gbà á. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ibi tí màá dúró sí, mi ò mọ bó ṣe yẹ kí ọwọ́ le tó, mo kàn ń pa á lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Obìnrin ará Poland kan tó ń gbálẹ̀ ló tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ bàbá náà síwájú, ó fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì, gbàmù, gbàmù, gbàmù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹran fò jáde.

Ohun tó ṣe gan-an ni wọ́n ń kọ́ni: kí a gbá a lẹ́yìn títí dé ìgbà 5, tí kò bá jáde, kí a dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí a fi ọwọ́ méjèèjì yí i ní ikùn ká, kí a fà á sínú àti sókè títí dé ìgbà 5, kí a tún padà sí ẹ̀yìn, kí ẹnìkan sì máa pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú yìí. Mo ti rí i nínú fídíò kejì. Bàbá náà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó wá yíjú sí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹni iwájú ló ti jìn sí kòtò yẹn, kí ará ẹ̀yìn kọ́gbọ́n. Ní ìlú ọba níbí, òfin ọdún 1981 lórí ìtọ́jú pàjáwìrì níbi iṣẹ́ di ẹrù náà lé agbanisíṣẹ́ lórí. Òun ló máa wo irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye yín àti ewu tó wà níbẹ̀, kó tó pinnu iye èèyàn tó yẹ kó gba ẹ̀kọ́ àti èyí tí wọ́n máa gbà. Méjì ló wọ́pọ̀. Èyí kékeré, Emergency First Aid at Work, jẹ́ wákàtí 6, ọjọ́ kan. Èyí ńlá, tí ìwọ ní, jẹ́ wákàtí 18, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí méjèèjì ń lò. Ilé ìkẹ́rùsí bíi tiyín wà lára ibi tí HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, kà sí ibi tí ewu pọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ bá ju 50 lọ, ìmọ̀ràn wọn ni pé ó kéré tán kí ẹnìkan tó ní èyí ńlá wà fún 50 èèyàn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ alẹ́ náà wà nínú ìṣirò yìí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní first aider, ẹni tó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, márùn-ún, tí gbogbo wọn ń relé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. A lè ka apá kan níbẹ̀, kí a wá lọ fi ọwọ́ ṣe ìyókù lójú olùkọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sórí fóònù, HSE kò kà á sí ohun tó tó láti sọ èèyàn di first aider. Wákàtí méjì dípò 18? Ìwọ náà ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí mo wá lọ fún tòótọ́, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bó ṣe ń rẹni. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin kan tó ti bá áńbúláǹsì ṣiṣẹ́ rí. Ó tẹ́ ọmọlangidi sílẹ̀, orí àti àyà nìkan ló ní, ó ní ká kúnlẹ̀. Títẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́ fẹ́ kí ọwọ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn títẹ̀ 30, ká fẹ́ èémí méjì sí i lẹ́nu. Mo rò pé alágbára ni mí. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, òógùn ti bo ojú mi, orúnkún mi ń ké. Obìnrin náà kàn wò mí, ó ní, “Àyà tí o ń tẹ̀ yẹn kò tíì mọ̀ pé o dé.” Fídíò kankan kò lè bá èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àwọn nǹkan tí ilé kọ́ mi tí mo ní láti gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé bíi tèmi, ẹ mọ̀ wọ́n. Tí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, ẹnìkan á ní ká fọ́ ẹyin sí i, òmíràn á mú ọṣẹ ìfọyín wá. Omi ẹ̀rọ tútù tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú, ni wọ́n kọ́ wa. Ogún ìṣẹ́jú ń pẹ́ jù bí o ṣe rò lọ; ọ̀gá á máa wo aago, ẹni tó jóná fúnra rẹ̀ á ní ó ti tó. Ẹni tó bá sì gbé májèlé mì, à ń sáré wá epo pupa. Mo gbé ọwọ́ sókè ní kíláàsì, mo béèrè nípa epo pupa. Ojú tí olùkọ́ fi wò mí! Kò sí ohun tí a gbọ́dọ̀ dà sí i lẹ́nu kó lè bì. Ká pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ni, ká sì sọ ohun tó mu fún wọn.

Síbí ló kù. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ọmọkùnrin kan ṣubú níbi tí a ti ń di ẹrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bíi ti wárápá. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan, ará Òṣogbo, ti ń sáré bọ̀ láti kàńtíìnì pẹ̀lú síbí. “Ẹ tètè ki síbí sí i lẹ́nu, á gé ahọ́n rẹ̀ jẹ!” Èèyàn kò lè ti àgbàlagbà dànù. Mo kúnlẹ̀ ti ọmọ náà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, aago ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò, ẹ máa pè é fún mi.” Ó fi síbí sápò, ó yọ fóònù, ó ń pè é bí ẹni tó ń ka ìbò. Mo ká jákẹ́ẹ̀tì mi sábẹ́ orí ọmọ náà, mo ní kí wọ́n gbé àwọn pálẹ́ẹ̀tì kúrò nítòsí, mi ò dì í mú, mi ò ki nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló fi dáwọ́ dúró. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kó lè máa mí dáadáa. Tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, 999 ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, nítorí náà a pè wọ́n. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n yẹn máa ń sọ fáwọn èèyàn pé àwa méjì la jọ tọ́jú rẹ̀, kò sì purọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ìwé ń parí, nítorí ibẹ̀ ni mo tún ti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ọ́fíìsì ń bá mi ṣọ́ ọjọ́ náà. Ọ́fíìsì rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tó parí, àwọn kan wá yẹ ibi iṣẹ́ wò, wọ́n ka orúkọ mi lára ògiri, wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Ó wá hàn pé láti ọ̀sẹ̀ méje, ẹnikẹ́ni kò sí lálẹ́ tó tọ́ láti pè ní first aider. Wọ́n yọ orúkọ mi, owó kékeré orí owó wákàtí náà sì bá a lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà rèé, òun gan-an sì ni ìdáhùn rẹ. Ẹni tó ní èyí ńlá kò ní láti tún ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Àtúnṣe ìwé wà, ọjọ́ méjì, wákàtí 12. O lè ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tí ti àtijọ́ máa parí, tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ti àtijọ́ bá tán. O kò pàdánù ọjọ́ kankan. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù ọ́, o ti wà nínú àyè yẹn. Tó bá ti kọjá, agbanisíṣẹ́ ló máa pinnu, ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní oṣù kan, ìmọ̀ràn HSE ni pé ó dára kí èèyàn lọ tún gbogbo ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Mo lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. (Àwọn tó ní èyí kékeré kò ní àtúnṣe kúkúrú, wákàtí 6 yẹn náà ni wọ́n máa tún ṣe.)

Owó ńkọ́? Agbanisíṣẹ́. Òfin ààbò níbi iṣẹ́ ti 1974, abala 9, kò gbà á láyè kó gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún ohun tí òfin ní kí òun pèsè. Kọ ímeèlì sí máníjà rẹ, ìlà mẹ́ta tó: ọjọ́ tí ìwé máa parí, pé o fẹ́ ṣe ti ọjọ́ méjì, pé kí wọ́n fi ọ́ sí kíláàsì kí ọjọ́ tó pé. Ímeèlì ni mo wí, má sọ ọ́ lẹ́nu lásán ní ẹnu ọ̀nà.

Tí wọ́n bá ní kí o fúnra rẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni, máa ṣọ́ra fún ẹni tó bá kọ ọ́ sára ìpolówó rẹ̀ pé HSE fọwọ́ sí òun. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni HSE kò ti fọwọ́ sí olùkọ́ kankan mọ́. Béèrè wákàtí, béèrè bóyá ọwọ́ rẹ máa kan ọmọlangidi, béèrè àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ wọn. St John Ambulance, àjọ aláàánú tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, wà níbẹ̀, wọ́n wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n owó máníjà ni, kì í ṣe tìrẹ.

HSE tún ń gbani níyànjú gan-an pé kí first aider lọ fún ìdajì ọjọ́, wákàtí 3, lọ́dọọdún, kí ọwọ́ má bàa gbàgbé. Kì í ṣe dandan, èyí ni ọ̀pọ̀ máníjà fi ń sọ pé rárá. Tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ìrọ̀rí kan nílé di ọmọlangidi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ oṣù, màá kúnlẹ̀ tì í, màá ka ọgbọ̀n sókè, ìyàwó mi á ní ìrọ̀rí náà ti kú tipẹ́.

Ohun kékeré kan sí i: tí o bá ti gba iṣẹ́ náà, gbogbo ayé á máa wá béèrè Panadol lọ́wọ́ rẹ. Má fún wọn. Ìmọ̀ràn HSE ni pé kí oògùn má sí nínú àpótí náà rárá.

Lọ yọ ìwé rẹ síta lálẹ́ yìí, kí o wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ gan-an, má gbára lé ohun tí o rántí. Sọ ọ́ fún mi níbí, àti àdúgbò tí ibi iṣẹ́ yín wà. Tó bá jẹ́ apá Dagenham tàbí Barking, màá júwe ibi tí èmi ti ṣe tèmi kẹ́yìn fún ọ.