Ẹ wá ẹni tí yóò máa dúró dè yín lẹ́nu géètì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá tí ẹ kọ̀wé láti Iléṣà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní dókítà ní kí ẹ máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sì ti pa á tì lẹ́ẹ̀mẹta. Orúnkún ń dùn yín, ojú àwọn ará àdúgbò ń tì yín, ó sì ti máa ń sú yín kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ẹ wá ń béèrè ohun tí àwa tó ń rìn ń ṣe tí kò fi sú wa.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Télọ̀ ni mí, ní Ìrẹmọ níbí, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí maṣíìnì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ó sì ń sú èmi náà. Lónìí gan-an ó sú mi.

Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Orí fífọ́ ni mo bá lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo iye tó gbé jáde, kò sọ nǹkan kan, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ kí n má sọ̀rọ̀, ó tún un wọ̀n: 178 lórí 110. Ó ní ṣé mo máa ń rìn? Mo bá a jiyàn. Mo ní láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń tẹ maṣíìnì, ẹsẹ̀ ta ló tún ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ télọ̀ lọ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ọrùn ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo ara yòókù ń sùn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo gbéra láti Ìrẹmọ, mo kọjá Mayfair, ó di géètì Yunifásítì, mo tún fẹsẹ̀ rìn padà. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀. Kí n tó délé, gìgísẹ̀ mi ti bó, orúnkún ọ̀tún ti wú bí ọsàn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni n kò fi lè jókòó ti maṣíìnì dáadáa, bẹ́ẹ̀ aṣọ ẹbí ìdílé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sìnkú. Ẹni tó ni òkú wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò bínú, ó kàn ń wò mí. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ orúnkún yín, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá náà ni àlọ àti àbọ̀, kì í ṣe àlọ nìkan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fi márùn-ún kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ti tó. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ní kí ẹ débẹ̀. Ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbésẹ̀ tí fóònù àwọn ọmọ ń kà, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Japan ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1965, nígbà tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìgbésẹ̀, wọ́n sì fi iye yẹn sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ ọjà ni. Dókítà kọ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé oògùn.

Iléṣà tiyín tún wá jẹ́ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èèyàn máa ń rò pé gígun òkè ló ń pa orúnkún, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń gún un jù. Tí ẹ bá lè rí ibi tó tẹ́jú, kódà kó jẹ́ pápá ilé ìwé tí ẹ ó máa yí po, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ rìn. Ẹ fi Òkè Ìmọ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Bàtà, kánfáàsì òkìrìkà tó dáa ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi gìgísẹ̀: kò gbọdọ̀ wó lulẹ̀. Ẹ ká iwájú rẹ̀: ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó ti ká, kì í ṣe àárín. Kí àtàǹpàkò ọwọ́ yín lè wọ ààyè tó kù níwájú. Tí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, nítorí egbò lè wà níbẹ̀ kó má dùn yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo kùnà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí orúnkún san, mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo rìn fún bí oṣù mẹ́rin. Ara mi fúyẹ́. Mo ń sùn. Mo wá sọ fún ara mi pé mo ti gbádùn, mo dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú oògùn náà, amlodipine, a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ mi wú, ìyẹn sì tún jẹ́ àwáwí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mò ń gé àǹkárá lórí tábìlì, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé ó bọ́. Ọmọṣẹ́ mi ló pariwo. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn, iye òkè ẹ̀jẹ̀ mi ti kọjá 200. Ọlọ́run ló yọ mí. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àti oògùn máa bá ara wọn lọ. Bí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, dókítà ni kí ẹ bá jà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Tí àyà bá sì fún yín, tàbí tí òòyì kọ́ yín lọ́nà, ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ pe èèyàn. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí ti òní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù ìrìn wá ń bà mí. Oògùn nìkan ni mò ń lò, mo ń sanra. Ibi tí mo wà nìyẹn tí Bàbá Tíṣà fi bá mi.

Bàbá kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé kẹta sí tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ó wá gba ṣòkòtò tó ní kí n bá òun fún, ó ní òun máa ń rìn láàárọ̀, pé òun kò fẹ́ràn láti máa dá rìn nítorí ajá. Ajá! Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn. Mo ní mo máa wá, mo sì mọ̀ nínú mi pé n kò ní lọ. Láago mẹ́fà kù díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu géètì. Kò kan ilẹ̀kùn, kò pè mí. Ó kàn wúkọ́. Mo dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní yóò lọ. Ó tún wúkọ́. Ìyàwó mi ní, “Ẹ ò wa dìde, kí àgbà má dúró nínú ìrì.”

Màmá, ibi tí ìdáhùn ìbéèrè yín wà nìyẹn o. Kì í ṣe pé mo ní ìfaradà. Àgbàlagbà kan ń dúró nínú ìrì nítorí mi, n kò lè máa sùn.

Ìrẹmọ sí Ẹnuwá, a ó gba iwájú ààfin kọjá, ó di Mọ́pà níbi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, a ó sì yí padà. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi pé kí èèyàn lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kó má lè kọrin, ìyẹn ni pé ìrìn náà tó bó ṣe yẹ. Bàbá Tíṣà fẹ́ràn orin ìsìn. Bí a bá ti ń fà lọ́nà, yóò gbé orin, yóò kọ ẹsẹ kan tán pátá, yóò ní, “A ò tíì rìn,” a ó sì tẹsẹ̀ mọ́rìn títí ohùn rẹ̀ yóò fi já láàárín ìlà. Bí mo ṣe mọ eré wa nìyẹn, n kò nílò fóònù.

Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lọ́nà ló kù. Ó ṣẹlẹ̀ pé mo ti ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦480,000, ọ̀rẹ́ náà sì ti sá kúrò nílùú. Oṣooṣù ni mò ń san án. N kò sọ fún ìyàwó mi. N kò sọ fún pásítọ̀. Òru ni mo máa ń ṣírò rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, a ń sún mọ́ Ẹnuwá, mo déédéé gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́. Mo rò pé nítorí pé a kò kọjú síra wa ni. Ẹni tó jókòó síwájú yín ń wo ojú yín. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn, iwájú ló ń wò, ẹsẹ̀ yín sì ń bo àárín ọ̀rọ̀ fún yín.

Bàbá Tíṣà kò dáhùn. A rìn títí a fi kọjá obìnrin tó ń dáná àkàrà. Ó wá ní, “Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

“Tí o ò bá sọ fún un lónìí, má wulẹ̀ jáde lọ́la. N kò ní í wúkọ́.”

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, àbí mo rò pé òun kò rí i pé ọ̀rẹ́ mi kò wá jẹ iyán ọjọ́ Àìkú mọ́ ni? Gbèsè náà kò dín kù nítorí ìyẹn o, ọdún kan àtààbọ̀ ni mo tún fi san án. Ṣùgbọ́n mo ń sùn.

Ó tó bí oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé Bàbá kò bẹ̀rù ajá kankan. Ajá ládùúgbò wa gan-an ń mi ìrù fún un. Àárọ̀ ni ilé máa ń dá páropáro sí i lára jù, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. N kò sọ pé mo mọ̀.

Ti ojú títì tí ẹ mẹ́nu bà, ó ń dópin. Ọlọ́kadà á dúró: “Dádì, ṣé ẹ ń lọ?” Oníbàárà á béèrè bóyá mọ́tò mi ti bàjẹ́, èmi tí n kò ní mọ́tò rí. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni tó dé adé Arè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí Òkè Mògún, ta ni mí tí màá fi ní ẹsẹ̀ kò yẹ mí? (Àsìkò Ọlọ́jọ́ yìí kan náà ni mo sì máa ń pa ìrìn jẹ jù, nítorí aṣọ tí wọ́n ń rán pọ̀. Mo jẹ́wọ́.)

Ẹ rìn ní ọwọ́ òsì títì, kí ọkọ̀ máa bọ̀ níwájú yín, kó má wá láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún là ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 1972. Ẹ má jáde nígbà tí òkùnkùn ṣì ṣú biribiri, ìlú kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ sì wọ aṣọ funfun. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá pọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni àwa máa ń lọ. Bí òjò bá rọ̀, a ó rìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀ ilé Bàbá Tíṣà bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín oṣù, a máa ń wọ mọ́tò dé géètì Yunifásítì, kí a lè rìn lábẹ́ àwọn igi ọ̀nà tó wọ inú ọgbà. Ìgbádùn tèmi nìyẹn. Ìyàwó mi náà ti ń bá wa lọ báyìí, òun ló tiẹ̀ ń yára jù.

N kò ní òṣùwọ̀n nílé, tẹ́ẹ̀pù iṣẹ́ mi ni mo fi ń wo ara mi. Ìbàdí ṣòkòtò mi jẹ́ ínǹṣì 44 nígbà tí Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ wúkọ́. Lọ́dún kan, mo fún ṣòkòtò ara mi wọlé sí 41. Ẹ̀jẹ̀ mi tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn jẹ́ 134 lórí 84, mo sì ń lo oògùn, mo tún un sọ.

Ẹ ní ìyá oníbúrẹ́dì kan wà lójúlé kejì yín tí òun náà ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn. Ẹ lọ bá a lálẹ́ òní. Ẹ má sọ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ wá. Ẹ sọ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù ajá.

Ó di ọjọ́ mìíràn. Mo ti gbọ́ ikọ́.