Háṣítáàgì wo ló péye fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní òpin ọ̀sẹ̀?

Ìbéèrè: Alfa, àsàlámù àlékúmù. Oníṣòwò ni mí, n kì í sì í ráyè láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń ṣí háṣítáàgì mẹ́ta (ọ̀rọ̀ tó ní àmì # níwájú lórí ayélujára) ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ni ní ẹ̀sìn àti àtúnṣe ìwà. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi pamọ́ sórí fóònù mi lé ní 400, síbẹ̀ Àlùkùránì kíkà mi kò kúrò lójú kan. Háṣítáàgì wo gan-an ló péye? Bí èmi náà bá sì ń fi háṣítáàgì púpọ̀ sí ohun tí mo ń pín, ṣé làádá mi yóò pọ̀ sí i?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlámù, ìyá wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, n kò sì ní dárúkọ ìkankan fún yín, nítorí pé kò sí háṣítáàgì tó péye. Ọ̀rọ̀ làádá kò gùn: n kò rí ẹ̀rí kankan tó so làádá mọ́ iye àmì tí èèyàn lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn rí ohun tí ẹ kọ, méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

Ohun tó ń dùn mí ni èrò pé ọ̀rọ̀ tó bá wà lábẹ́ háṣítáàgì ẹ̀sìn, ẹnì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2007 ni Chris Messina dá àbá lórí Twitter pé kí a máa fi àmì # ṣáájú ọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà lè rí ara wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe títí di òní nìyẹn: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣa ohun tí àwọn èèyàn lẹ àmì kan náà mọ́ jọ síwájú yín, láì bi ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kéwú. Alfa tó fi ogún ọdún jókòó ti ìwé lè lẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń ta àgbo oníjìbìtì náà sì lè lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ “oyin gidi” sára ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé fóònù rẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ ni pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kí a wá ìmọ̀ kódà bó jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n fi òdòdó yí i ká, àmọ́ kò sí orúkọ ìwé hàdíìsì kankan níbẹ̀. Ibn al-Jawzi, onímọ̀ hàdíìsì ayé àtijọ́, ka ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àwọn hàdíìsì tí wọ́n hùmọ̀, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn ló dá a sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ànábì bò ó. Ohun tó bá etí mu ni, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àáyà kẹfà nínú Súrà Al-Hujurat pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tí kò bá ní orúkọ ìwé àti nọ́ńbà, ẹ má pín in. Èyí tó bá sì ní wọn, ẹ mú un lọ bá ìmáàmù àdúgbò yín, nítorí pé olùkọ́ kéwú ni mí, n kì í ṣe ẹni tó ń dájọ́ ẹ̀sìn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì sọ pé kí ẹ fi àdúà rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún yín, ẹ ṣe àdúà náà, kí ẹ sì lo oògùn yín.

Ní ti kíkà tí kò lọ síwájú, kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí a ń kọ́ kéwú lórí wàláà, èèyàn kò gbọdọ̀ fọ tàdáwà inú rẹ̀ nù títí yóò fi kà á fún alfa gbọ́ láì wo ojú wàláà. Ọ̀rọ̀ 400 tí ẹ fi pamọ́, ta ni ẹ kà á fún? Ní èdè Lárúbáwá, bí ohùn lẹ́tà “ayin” bá ti ọ̀nà ọ̀fun jáde dáadáa nínú “alīm”, Onímọ̀ ni ó túmọ̀ sí, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Ọlọ́hun. Bí ẹ bá fi “a” tiwa pè é, ohun tó ń roni lára ni ẹ pè yẹn. Ahọ́n àwa Yorùbá kì í tètè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí, bí ẹ bá sì ń dá kà á níwájú fóònù, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún yín pé ẹ ti ṣì í.

Nítorí náà, ẹ pa háṣítáàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì fún oṣù kan. Ẹ wá olùkọ́ tó wà nítòsí yín. Púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ aṣálátù ló ní kíláàsì àwọn ìyá ní Sọ́ńdè. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ ka Fátíhà sínú fóònù, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ó tún un ṣe, kí ẹ sì tún un kà. Fátíhà nìkan ni o. Ẹ má bọ́ sórí súrà mìíràn títí olùkọ́ yín yóò fi sọ pé ó tó.