Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ̀gá Ní Kí N Kọ Iye Tó Ju Iye Tí Wọ́n San Lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Mò ń bá ọ̀gá kan tajà ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì àti irin ní Kàbà, èmi ni mo sì ń kọ rìsíìtì. Àwọn tí ọ́fíìsì wọn rán wá ra ọjà máa ń ní kí n kọ iye tó ju ohun tí wọ́n san lọ. Ọ̀gá ní kí n máa kọ ọ́, torí bí a kò bá kọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni wọ́n máa lọ. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò mi níbẹ̀. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, àbí ti ọ̀gá? Kí ni mo lè ṣe tí iṣẹ́ kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ ni, ti oníbàárà yẹn náà ni, tìrẹ sì wà níbẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́.

Ẹ̀rí ni rìsíìtì. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja kò bá yín dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí bébà yẹn bá sọ ló máa gbà gbọ́. Bí o bá ta àpò sìmẹ́ńtì ní 9,500 náírà, tí o kọ 10,500, o ti jẹ́rìí níwájú ẹni yẹn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tí Ẹ́kísódù 20:16 kọ̀ nìyẹn, pé a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké. (Àwọn ará Kátólíìkì ń kà á sí òfin kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú àwa yòókù ní ìkẹsàn-án ni. Òfin kan náà ni.) Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi òfin yẹn sílẹ̀ fún kóòtù nìkan. Ìyá tó ń ta gàrí tó bá lu ìdí mudu tó fi ń wọn gàrí wọnú, gbogbo ọjà ló máa pariwo lé e lórí. Ìdí mudu ni ìwọ náà ń lù, bíró lo fi ń lù ú.

O ní kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò rẹ. Mo gbà. Àmọ́ lórí àádọ́ta àpò, 50,000 náírà ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan. Bóyá owó òrùlé ilé ìwé ni. Bóyá ọrẹ tí àwọn ìyá arúgbó dá fún ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń béèrè irú rìsíìtì yìí. Láti 1908 tí míṣọ́nárì Tommy Titcombe ti mú ìhìnrere wọ Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, a ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ tó.

Ọ̀dítọ̀ ni mí, ìwé owó ni mo máa ń yẹ̀ wò, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí àṣírí yìí ṣe ń tú. Ọ́fíìsì fi 525,000 náírà àádọ́ta àpò yẹn ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá rẹ, ẹ yọ 475,000 tí í ṣe owó ọjà yín gan-an, ẹ sì ka 50,000 lé ẹni tí wọ́n rán wá lọ́wọ́. Lójú báńkì, gbogbo 525,000 ni ọ̀gá rẹ gbà. Bí àwọn agbowó orí bá dé, yóò san owó orí lórí owó tí kò jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ àwọn ọ̀gá létí ju ẹsẹ Bíbélì lọ. Má bínú pé mo sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì béèrè ẹni tó kọ rìsíìtì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ló wà níbẹ̀. “Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́” kì í gba ènìyàn sílẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fọwọ́ sí i pé mo ka àpò ajílẹ̀ tó wà ní sítọ́ọ̀ kan. Mi ò kà á. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí wọ́n pe iye rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, ajílẹ̀ kò pé. Mi ò jí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìwé mi ni olè fi bo ara rẹ̀.

Má ṣe bá ọ̀gá jiyàn lójú oníbàárà. Dúró di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ti ka owó tán, kí o kúnlẹ̀, kí o ní: “Bàbá, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá rán mi ni mo ń jẹ́. Èyí tí orúkọ mi máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín.” Nígbà tí Dáníẹ́lì kò fẹ́ jẹ oúnjẹ ọba, kò pariwo mọ́ olórí àwọn ìwẹ̀fà, ó ní kí wọ́n dán òun wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwọ náà bẹ ọ̀gá pé kó dán an wò fún oṣù kan. Ẹ máa bá àwọn ọ́fíìsì gbé ọjà dé ibi iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ dín owó kù fún wọn, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ dín in sí gan-an. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ ka àwọn oníbàárà tó lọ àti àwọn tó dúró.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ràn: wọ́n á fún oníbàárà ní rìsíìtì òfìfo pé kó lọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Má dán an wò. O kàn yá a ní ibi tó máa kọ irọ́ sí ni.

Iṣẹ́ lè bọ́. Mi ò ní tàn ọ́ pé èyí tó dára jù yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa béèrè iṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ kí o tó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Èyí tó ti kọjá ńkọ́? Sákéù ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin nínú Lúùkù 19, ṣùgbọ́n òun ló kó owó jẹ. Owó ẹnikẹ́ni kò sí lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kí o sì jáwọ́. Bí ọ̀dítọ̀ bá wá bi ọ́ léèrè lọ́la, sọ bó ṣe rí. Kó tó dìgbà náà, má ya ojú ìwé kankan kúrò nínú ìwé rìsíìtì yẹn, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ní kí o ya á.